Hip-hop: Orin Tí Ó Fún Ọmọ Àlejò Lẹ́nu Ọ̀rọ̀



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a parí ẹ̀kọ́, àwọn yòókù ń kó ìwé wọn sápò. Ìyá kan jókòó sí àyè rẹ̀, kò dìde. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní ràápù?"

Ó ní ọmọ òun ọkùnrin wà ní ilẹ̀ Faransé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó máa ń sọkún lórí tẹlifóònù. Ó ní àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bí òun ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Faransé. Nígbà tí ó pẹ́, kò sọkún mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ bí kò ṣe ràápù. Ìyá náà ní: "Wọ́n sọ fún mi pé iṣẹ́ àwọn ọmọ ìta ni. Ṣé ọmọ mi ti bàjẹ́ ni?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà kì í ṣe amọ̀nà. Mo lọ kàwé, mo sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ sí ojú ìwé yìí, nítorí kì í ṣe ìyá kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú òkèèrè.

KÍ NI HIP-HOP?

Ràápù jẹ́ apá kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní hip-hop. Hip-hop kì í ṣe orin nìkan. Àṣà àwọn ọ̀dọ́ ni, ó sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní ni iṣẹ́ díjéè. Díjéè ni ẹni tí ó ń fi àwo orin lu ẹ̀rọ fún àwọn tí ó fẹ́ jó.

Èkejì ni ràápù. Ẹni tí ó ń ṣe ràápù kì í fa ohùn gùn bí akọrin. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń bá ìlù rìn, ìparí ìlà kan sì ń dún bí ìparí ìlà kejì.

Ẹ̀kẹta ni ijó tí wọ́n ń pè ní bíréèkì. Oníjó náà lè fi ọwọ́ tilẹ̀, kí ó fi ẹ̀yìn yí, kí ó tilẹ̀ fi orí dúró.

Ẹ̀kẹrin ni kíkọ orúkọ àti yíya àwòrán sára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà inú agolo, èyí tí a ń tẹ̀ kí ó lè fọ́n jáde.

Àwọn àgbà inú àṣà náà fi ẹ̀karùn-ún kún un: ìmọ̀. Wọ́n ní kò tó kí ènìyàn mọ ijó àti orin. Ó yẹ kí ó mọ ara rẹ̀, kí ó sì mọ ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ Ẹ̀fẹ̀. Ní òru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ á kọrin. Á ṣàdúrà fún ìlú, á yin ẹni tí ó ṣe dáadáa, á sì bá oníwà burúkú wí lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ràápù, ràápù kì í sì í ṣe Ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ rí mọ̀ pé ohun tí ènìyàn kò lè fi ẹnu lásán sọ láàárín ìlú, ó lè fi orin sọ ọ́.

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ìlú New York wà ní Amẹ́ríkà. Ó pín sí apá márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni Bronx. Ibẹ̀ ni hip-hop ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1948, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kan gba àárín Bronx kọjá. Wọ́n wó ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nítorí ọ̀nà náà. Àwọn tí ó lówó kó lọ sí ibòmíràn. Àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò kó lọ ni ó kù síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ìdílé wọn ti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà wá. Àwọn mìíràn wá láti erékùṣù Puerto Rico. Ní ọdún 1965, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun tí ó la ilẹ̀kùn fún àwọn àjèjì ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà náà ni àwọn ará Jàmáíkà, Barbados àti àwọn erékùṣù mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dé púpọ̀.

Ibi tí wọ́n bá kò rọgbọ. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń pa ilẹ̀kùn dé, iṣẹ́ kò sí. Ní àwọn ọdún 1970, ilé ń jó ní Bronx lálaalẹ́. Àwọn onílé kan wà tí wọ́n ń sanwó fún ènìyàn pé kí ó dáná sun ilé wọn, kí wọ́n lè gba owó tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń san fún ẹni tí ilé rẹ̀ bá jóná. Òpó ilé dúdú àti òkìtì bíríkì ni àwọn ọmọdé fi ń ṣe ibi eré.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ jàǹdùkú. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀. Bí ọmọ àdúgbò kan bá kọjá sí òmíràn, ó lè má padà wálé.

Ní oṣù Desẹ́ńbà ọdún 1971, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tí à ń pè ní Ghetto Brothers. Ọmọ Puerto Rico ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n rán ọ̀kan nínú wọn, Cornell Benjamin, láti lọ pẹ̀tù sí ìjà láàárín àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Wọ́n lù ú pa. Gbogbo ènìyàn ń retí pé ogun ńlá yóò bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣáájú Ghetto Brothers kò gbẹ̀san. Wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ yòókù jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe àdéhùn àlàáfíà.

Àdéhùn náà kò pa gbogbo ìjà run. Ṣùgbọ́n ọ̀nà là díẹ̀. Ọmọ àdúgbò kan lè lọ jó ní àdúgbò kejì. Ká ní wọn kò jókòó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá jáde lálẹ́ wá síbi ijó? Òwe wa ní: ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ní í yọ ọfà lápó.

ỌMỌ JÀMÁÍKÀ KAN ÀTI ÀBÚRÒ RẸ̀

A bí Clive Campbell ní Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà, ní ọdún 1955. Ní ọdún 1967, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó dé Bronx. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ ibẹ̀. Ó di dandan fún un láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó dàgbà, ó ga, ó sì lágbára, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Hercules, orúkọ akọni inú ìtàn àtijọ́. Òun fúnra rẹ̀ gé e kúrú sí Herc. Lẹ́yìn náà, ó di Kool Herc.

Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá. Ní Jàmáíkà, Herc ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí gbangba, tí ẹnì kan á sì máa sọ̀rọ̀ dídùn sínú míkírò bí orin ti ń lọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ Cindy. Ní ọdún 1973, ọdún ìwé tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀, Cindy sì ń wá owó tí yóò fi ra aṣọ ilé-ìwé. Ó gbèrò kan. Ó gba yàrá ìṣeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, ojúlé 1520 ní òpópónà Sedgwick Avenue. Ó fi ìwé pe àwọn ọ̀dọ́ sí ijó ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Obìnrin yóò san sẹ́ǹtì 25, ọkùnrin yóò san sẹ́ǹtì 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni díjéè.

Ẹ kíyè sí èyí: ọjọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní ọjọ́ ìbí hip-hop, owó aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n ń wá. Ọmọbìnrin ni ó sì gbé ètò náà kalẹ̀.

Herc ti kíyè sí ohun kan. Nínú orin, ibì kan wà tí akọrin máa ń dákẹ́, tí ìlù nìkan á máa dún fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníjó máa ń dúró dè. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tán. Herc wá ra àwo orin kan náà ní méjì, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù bá parí lórí àwo kìíní, á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí èkejì. Bí ti èkejì bá parí, á padà sórí tèkíní. Báyìí ni ó ṣe sọ ìlù kékeré di ìlù gígùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Coke La Rock, ń sọ̀rọ̀ sínú míkírò, ó ń pe orúkọ àwọn ènìyàn, ó ń kí wọn. Láti ibẹ̀ ni ràápù ti dàgbà.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní owó láti ra ohun èlò orin, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní olùkọ́ orin. Àwo orin àwọn òbí wọn ni wọ́n ní. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ọ̀dọ́kùnrin mìíràn, Joseph Saddler, ni a bí ní Barbados ní ọdún 1958. Òun náà dàgbà ní Bronx. Ó lọ sí ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́, ó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Ó lo ohun tí ó kọ́ nílé-ìwé láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, tí ó fi lè fetí gbọ́ àwo kejì kí àwọn ènìyàn tó gbọ́ ọ. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí Grandmaster Flash. Ní ọdún 1982, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwo kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "The Message", ìyẹn ni "Iṣẹ́ Tí A Rán". Àwo náà sọ bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn ènìyàn ní àdúgbò wọn. Ẹni tí kò dé Bronx rí wá mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

BÁWO NI RÀÁPÙ ṢE Ń KỌ́ NI?

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ọmọ Sòmálíà kan. K'naan ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. A bí i ní Mogadishu. Bàbá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní New York, ó ń fi àwo ràápù ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n ó kọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún, ó ń pè é bẹ́ẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1991, ogun abẹ́lé le ní Sòmálíà, òun àti ìyá rẹ̀ sá kúrò. Ọmọ ọdún 13 ni. Wọ́n lọ sí New York, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí Toronto ní Kánádà. Àwọn àwo wọ̀nyẹn wà lára ohun tí ó fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di akéwì àti akọrin. Ní ọdún 2010, nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà, orin rẹ̀ "Wavin' Flag" dé etí gbogbo ayé.

Kí ni ó wà nínú ràápù tí ó fi lè ran ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ohun mẹ́rin ni mo rí.

Èkíní: ìlù ń ran iyè lọ́wọ́. Ìlù ràápù ń lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ ka 1, 2, 3, 4, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá bá ìlù rìn kì í tètè sọ nù. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Gbogbo wa ti kọ́ omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ pàtẹ́wọ́ mẹ́rin sí ìlà kọ̀ọ̀kan:

Omi tó mọ́, lítà kan péré,
Ṣúgà mẹ́fà, ṣíbí kékeré,
Iyọ̀ ààbọ̀, má jẹ́ kó lé,
Pò ó pọ̀, kó o bu fọ́mọ nílé.

Ṣíbí tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni a ń wí, kì í ṣe èyí tí ó ga gègèrè. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dá mi lójú pé ẹ kò ní gbàgbé bóyá iyọ̀ ni ó jẹ́ ààbọ̀ tàbí ṣúgà.

Èkejì: ràápù ń mú kí ènìyàn kọ̀wé. Apá kan nínú orin sábà máa ń ní ìlà 16. Kí ìlà 16 tó pé, olúwarẹ̀ á kọ, á pa rẹ́, á tún un kọ. Á wá ọ̀rọ̀ tí ó dún bí èyí tí ó ti lò, tí ó sì ní ìtumọ̀. Bí kò bá ní ọ̀rọ̀ tó, á ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ọmọ tí ó sá fún ìwé ní kíláàsì lè fi oru kọ̀wé nítorí orin.

Ẹ̀kẹta: ó ń tú ahọ́n. Ẹni tí ó dé ìlú àjèjì máa ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà fi í rẹ́rìn-ín. Nínú ràápù, á tún ìlà kan náà sọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún nínú yàrá rẹ̀ títí tí yóò fi yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó bá jáde síta, ẹ̀rù á ti dín.

Ẹ̀kẹrin: ó ń fún ọmọ náà ní ẹgbẹ́. Ẹnì kan ń lu àwo, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, àwọn kan ń jó. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ìlú tí o ti wá. Wọ́n á ní kí o sọ tìrẹ kí àwọn gbọ́. Ọmọ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kan náà ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún lónìí.

NÍ ILẸ̀ FARANSÉ ÀTI NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Hip-hop kò pẹ́ kí ó tó dé ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1984, tẹlifíṣọ̀n TF1 ń fi ètò hip-hop hàn ní ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó ń darí rẹ̀ ń jẹ́ Sidney, ọmọ àwọn ará Guadeloupe. Ní ẹ̀yìn àwọn ìlú ńlá ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé gíga-gíga sí, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti Áfíríkà wá ń gbé. Àwọn ọmọ wọn rí ènìyàn bí tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ràápù ní èdè Faransé.

Ọ̀kan nínú wọn ni MC Solaar. Dakar ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1969, ará Ṣáàdì ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1991, ó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó mọ èdè Faransé lò, ó ń fi ọ̀rọ̀ dárà bí ẹni ń ta ayò. Àwọn tí ó rò pé ọmọ àlejò kò lè mọ èdè wọn tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó tì í tí wọ́n ń gbọ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ọmọ Yorùbá wà nínú rẹ̀. Joseph Adenuga, tí à ń pè ní Skepta, ni a bí síbẹ̀ ní ọdún 1982. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Orin tí ó ń kọ jẹ́ ìbátan ràápù. Ní ọdún 2016, ó gba Mercury Prize, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwo orin tí ó dára jù lọ́dún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland.

NÍGBÀ TÍ RÀÁPÙ WỌ KÍLÁÀSÌ

Àwọn olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà ronú pé, bí ọmọ bá lè há ìlà ọgọ́rùn-ún nínú orin sórí, kí ló dé tí kò lè há ẹ̀kọ́ sórí? Christopher Emdin jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York. Òun àti olórin kan tí à ń pè ní GZA gbé ètò kan kalẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba 10 ní ìlú náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n á sì kọ ràápù nípa ohun tí wọ́n kọ́. Ní ọdún 2013, wọ́n ṣe ìdíje láti mọ ẹni tí ó ṣe dáadáa jù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tọ̀nà kò lè borí. Kí ènìyàn tó lè kọ orin nípa ohun kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé e.

Èkejì ni eré orí ìtàgé "Hamilton", tí Lin-Manuel Miranda kọ. Puerto Rico ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Eré náà jáde ní ọdún 2015. Ó fi ràápù sọ ìtàn Alexander Hamilton, òyìnbó kan tí ó wà lára àwọn tí ó dá ìjọba Amẹ́ríkà sílẹ̀. Àlejò ni Hamilton. Erékùṣù ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, ó sì di akọ̀wé fún àwọn oníṣòwò. Ní ọdún 1772, ìjì líle jà ní ibi tí ó ń gbé. Ó kọ lẹ́tà nípa ìjì náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn tí ó kà á rí i pé ọmọ náà lórí pípé, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì rán an lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà kan ni ó gbé ọmọ òrukàn débẹ̀.

Àwọn òṣèré inú eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìdílé wọn ṣí wá sí Amẹ́ríkà lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́n gidigidi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, wọ́n ṣètò kí 20,000 akẹ́kọ̀ọ́ ní New York lè wò ó ní dọ́là 10 péré. Wọ́n kọ́kọ́ ka ìtàn náà ní kíláàsì, wọ́n sì kọ orin tàbí ewì tiwọn nípa rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn gun orí ìtàgé ńlá náà láti ṣe tiwọn.

ÀLÉÉBÙ RẸ̀

N kò ní tan yín. Gbogbo ràápù kọ́ ni ó dára. Òmíràn wà tí ó ń bú obìnrin, tí ó ń yin ìbọn àti oògùn olóró. Àwọn oníṣòwò mọ̀ pé irú èyí máa ń tà, wọ́n sì ń tì í síwájú. Àwọn olórin kan ti kú sínú ìjà tí ọ̀rọ̀ ẹnu dá sílẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó ń kọ orúkọ sára ògiri onílé láìgba àṣẹ ń ṣẹ̀ sí òfin.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ rò pé ràápù nìkan yóò bọ́ òun. Nínú ẹgbẹ̀rún tí ó ń kọ ọ́, ẹni tí yóò rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí ó dájú ni pé èdè tí ó kọ́, ìwé tí ó kà, àti ìgboyà tí ó ní láti dìde sọ̀rọ̀ yóò bá a dé ibikíbi.

KÍ NI ÒBÍ LÈ ṢE?

Bí ọmọ rẹ bá ń kọ ràápù, má ṣe kọ́kọ́ bínú. Bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni orin rẹ ń sọ? Ta ni ẹ jọ ń kọ ọ́? Báwo ni iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ìyá náà. Ó lọ pe ọmọ rẹ̀, ó ní kí ó fi ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ náà fi í ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù ní èdè Faransé. Ìyá gbé e wá sí kíláàsì, mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìbọn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilé alájà mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé, níbi tí ará ilé kì í kí ara wọn láàárọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tí òun àti bàbá ìyá rẹ̀ máa ń gbà lọ sí oko. Kíláàsì dákẹ́. Ìyá náà fi ìdí gèlè nu ojú.

Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní kíkọ Yorùbá rí, kò sì fi àmì kankan sí i. Ó kọ "oko" ní ibi márùn-ún. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó dúró. Ó ní: "Olùkọ́, oko tí à ń ro ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, àbí ọkọ̀ tí ó gbé e lọ?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsù, ó fi àmì sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n bá òun ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ.

Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá kọ ìlà tuntun, ìyá ni ó ń bá a tún un ṣe. Ọmọ ń fi ọ̀rọ̀ Faransé kan tàbí méjì kọ́ ìyá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọ̀nà mélòó ni hip-hop pín sí? Ẹ dárúkọ wọn.
2. Kí ni Cindy Campbell fẹ́ fi owó ijó rẹ̀ rà?
3. Kí ni àwọn aṣáájú Ghetto Brothers ṣe dípò kí wọ́n gbẹ̀san?
4. Báwo ni K'naan ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì?
5. Ẹ kọ ìlà mẹ́rin tí ó ń bá ìlù rìn nípa ohun kan tí ẹ kọ́ nínú kíláàsì yìí. Ẹ má gbàgbé àmì ohùn.